Ọmọ Tí Orí Rẹ̀ Pé: Ta Ni Yóò Wá A Rí?

Àwọn àgbà ni wọ́n sọ pé ìka ọwọ́ kò dọ́gba, kò sì sí olùkọ́ tí ó ti dúró níwájú kíláàsì rí tí kò mọ̀ pé òtítọ́ pọ́ńbélé ni ọ̀rọ̀ náà. Nínú yàrá kan ṣoṣo, lábẹ́ olùkọ́ kan ṣoṣo, ọmọ kan ń bá ìṣirò tí a kọ́ ní ìjẹta jìjàkadì. Èkejì ń bá ẹ̀kọ́ rìn bí ó ti yẹ. Ẹ̀kẹta ti parí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kí olùkọ́ tó kọ ìbéèrè tán sí ojú pátákó, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí wo ojú fèrèsé. Ọmọ àkọ́kọ́ a máa rí àánú wa gbà, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ọmọ kejì ni a fi ń ṣe òṣùwọ̀n ẹ̀kọ́. Ọmọ kẹta ńkọ́? A ó ní kí ó jókòó jẹ́ẹ́, kí ó má ṣe dí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ kẹta yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ ní òní, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ wà ní Adó, ní Ìkéré, ní Ìyìn, ní Ìgèdè àti ní gbogbo ilẹ̀ Èkìtì.

Ohun tí a ní í sọ kò ju ọ̀kan lọ. Ilẹ̀ Èkìtì kò ṣaláìní ọmọ tí orí wọn pé. Ọlọ́run kò fi ẹ̀bùn náà há ọwọ́ ìlú kan tàbí ìdílé kan. Ṣùgbọ́n láti ìgbà pípẹ́ wá, oríire ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ń yọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jáde. Bí oríire bá ṣẹ̀, gbogbo ayé a gbọ́ orúkọ rẹ̀. Bí kò bá ṣẹ̀, ẹ̀bùn náà a kú sínú, a kì í sì í mọ̀ pé a pàdánù ohunkóhun. Ìdí nìyí tí a fi sọ pé kí ìjọba ṣe ètò tí yóò máa wá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kiri nínú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ girama rẹ̀, láìyọ ọ̀kan sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọ méjì ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1929 ni a bí àwọn méjèèjì, ilẹ̀ Èkìtì kan náà ni a sì bí wọn sí. Ìkọ̀lé ni a bí ọ̀kan, orúkọ rẹ̀ sì ni Jacob Adé Àjàyí. Lẹ́yìn tí ó ka ìwé ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Paul ní Ìkọ̀lé, ó lọ sí Ekiti Central School láti múra sílẹ̀ fún iṣẹ́ olùkọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ kan ti sọ fún un nípa Igbobi College tí ó wà ní Èkó. Ó ní kí òun dán an wò, ó gba ìwé ìwọlé, ó sì yege. Ta ni yóò san owó? Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé ni ó fún un ní sìkọ́láṣípù. Láti Igbobi ó dé Yunifásítì Ìbàdàn, láti Ìbàdàn ó kọjá sí ìlú Òyìnbó, nígbà tí yóò sì fi padà, ó ti di onítàn tí òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo Áfíríkà. Òun ni ó jẹ́ Igbákejì Alága Yunifásítì Èkó láti ọdún 1972 títí di 1978.

Adó-Èkìtì ni a bí ọmọ kejì, Afẹ́ Babalọlá. Ọmọ àgbẹ̀ ni òun, nígbà tí ó sì parí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sí owó tí yóò gbé e dé ilé-ẹ̀kọ́ girama. Kò wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama rárá. Ó ra ìwé, ó ń kà á fúnra rẹ̀, ó sì yege nínú ìdánwò Cambridge gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó jókòó sí kíláàsì. Bákan náà ni ó ṣe gba oyè nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù láti ọ̀nà jíjìn, kí ó tó gba oyè òfin, tí wọ́n sì pè é sí iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní ọdún 1963. Ẹni tí kò rí ilé-ẹ̀kọ́ girama wọ̀ ni ó dá odidi yunifásítì sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì ní ọdún 2009.

Àwọn kan yóò ka ìtàn méjèèjì yìí, wọn yóò sì wí pé, "Ṣé ẹ rí i? Ọmọ tí yóò là á là, bó pẹ́ bó yá." Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ Adé Àjàyí kò bá mẹ́nu ba Igbobi ńkọ́? Bí àwọn àgbà Ìkọ̀lé bá sọ pé owó ìlú kò sí fún ìwé ọmọ ẹnìkan ńkọ́? Ní ti Babalọlá, ọ̀kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ̀rún ni a fún ní irú ìfaradà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bùn orí pípé yàtọ̀ sí ẹ̀bùn àìya líle. Ẹni tí ó bá ní méjèèjì kò wọ́pọ̀. Mélòó ni ọmọ tí a bí ní ọdún 1929 náà, tí orí wọn pé bíi ti àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n tí wọn kò ní ọ̀rẹ́ tí yóò sọ fún wọn, tí wọn kò ní ìlú tí yóò gbè wọ́n, tí àìya wọn kò sì le tó láti máa dá ka ìwé? A kò mọ orúkọ wọn. Àìmọ orúkọ wọn gan-an ni àdánù náà.

A kò sọ pé kò sí ẹni tí ó sapá rí. Ní ọdún 1933 ni Alàgbà Dallimore ti ìjọ C.M.S. dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Adó, èyí tí ó di Christ's School tí gbogbo ayé mọ̀. Ibẹ̀ ni Níyì Ọ̀ṣúndáre, ọmọ àgbẹ̀ láti Ìkéré, gbà kọjá lẹ́yìn tí ó kúrò ní Amóyè Grammar School, tí ó sì di akéwì tí a ń ka iṣẹ́ rẹ̀ jákèjádò ayé. Láti Orin-Èkìtì ni Adégòkè Olúbùmmọ ti wá, ẹni tí ó wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n kọ́kọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìṣirò. Irú àwọn ènìyàn báwọ̀nyí ni ó jẹ́ kí a máa pe Èkìtì ní orísun ìmọ̀. Ṣùgbọ́n orísun tí a kò tún ojú rẹ̀ ṣe, ewé yóò bò ó.

Ìgbà tí ó yí ìtàn padà dé ní oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1954, àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ bíi 456,000. Ní ọdún kan péré, wọ́n ti lé ní 800,000. Nígbà tí ó sì di ọdún 1979, tí Olóyè Adékúnlé Ajáṣin di gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó àtijọ́, tí Èkìtì wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà dé ilé-ẹ̀kọ́ girama. A kò lè dúpẹ́ iṣẹ́ yìí tán. Ọmọ tí ì bá wà ní oko ni ó di dókítà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣe àti ohun tí ó ṣẹ́kù. Ó ṣí ilẹ̀kùn. Ẹni tí ó bá ṣí ilẹ̀kùn fún àlejò tún ní láti wo ojú rẹ̀, kí ó mọ ohun tí ó ń fẹ́. Níbi tí ọmọ bá pọ̀ ju àga lọ, níbi tí olùkọ́ kan ń ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́ta, ojú olùkọ́ kò lè tó gbogbo wọn.

Ìjọba Àpapọ̀ kò ṣaláìmọ̀ nípa ọ̀ràn yìí. Nínú ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa, irú èyí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2004, a kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ọmọ kan wà tí a dá ẹ̀bùn mọ́, ìbáà ṣe nínú ìwé, nínú iṣẹ́ ọnà, nínú orin tàbí nínú aṣáájú, tí ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́ kò sì tó láti ru ọpọlọ wọn sókè. Ní ọdún 1986 ni a sì dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún irú wọn, èyí tí ó wà ní Suleja ní Ìpínlẹ̀ Niger. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ilé-ẹ̀kọ́ kan, nínú orílẹ̀-èdè tí ó tóbi tó báyìí, mélòó ni yóò gbà? Ọmọ tí yóò sì débẹ̀, òbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ pé ibẹ̀ wà, kí ó gba fọ́ọ̀mù, kí ó san owó ọkọ̀, kí ó sì gbà kí ọmọ rẹ̀ jìnnà sílé. Òbí tí ó mọ gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí kì í sábà jẹ́ ìyá tí ń ta iṣu ní Ọjà Ọba.

Bóyá ẹnìkan yóò wí pé, "Ẹ kàn fi ìdánwò yan àwọn tí ó mọ̀wé jù, kí ẹ kó wọn sí ibì kan." Ìdánwò dára, ṣùgbọ́n kí a má fi í ṣe òrìṣà. Ní ọdún 1921, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní California ní Amẹ́ríkà, Lewis Terman, bẹ̀rẹ̀ sí fi ìdánwò làákàyè yan àwọn ọmọ tí orí wọn pé jù. Ó yan ju 1,500 lọ, ó sì ń tọ pinpin ìgbésí ayé wọn. Ọmọkùnrin méjì kan wà tí wọ́n ṣe ìdánwò náà, tí wọ́n sì dá wọn padà nítorí pé máàkì wọn kò tó. Ọ̀kan ni William Shockley, èkejì ni Luis Alvarez. Ní ọdún 1956, Shockley wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì. Ní ọdún 1968, Alvarez gba tirẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tí Terman yàn, kò sí ẹyọ ẹnìkan tí ó gbà á.

Àwọn mìíràn yóò ní kí a fi yíyàn sílẹ̀ fún olùkọ́ àti òbí. Èyí náà ní àléébù tirẹ̀. Ní agbègbè Broward ní Florida, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é: olùkọ́ tàbí òbí ni yóò dárúkọ ọmọ kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Láti nǹkan bí ọdún 2005, wọ́n yí ètò padà, wọ́n ń yẹ gbogbo ọmọ tí ó wà ní kíláàsì kan náà wò láìdá ẹnikẹ́ni sí. Àwọn ọmọ tálákà, àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú àti àwọn ọmọ àlejò tí a rí yàn wá pọ̀ sí i gidigidi. Àwọn ọmọ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́n. Láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́ ni orí wọn ti pé; ojú ni kò wò wọ́n. Nígbà tí wọ́n sì gé owó ètò náà kù lẹ́yìn ọdún díẹ̀, nǹkan padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, a kò fi èyí bú yín. Ojú ènìyàn a máa tètè rí ọmọ tí aṣọ rẹ̀ mọ́, tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ já gaara. Ọmọ tí ó dákẹ́ nínú aṣọ gbígbó, ó gba ìmọ̀ọ́mọ̀ wò kí a tó rí i.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí náà tọ́ sí àkíyèsí. Kì í ṣe ohun tí ó ṣòro láti rí ọmọ tí ó lè ro ìṣirò jinlẹ̀, ṣùgbọ́n tí èdè tí a fi bi í léèrè dí i lọ́nà. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí a sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàrin iṣẹ́. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáradára ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Bí a bá fẹ́ mọ bí orí ọmọ ti pé tó, ẹ jẹ́ kí a bi í ní èdè tí ó fi ń ronú.

Kí a tó lọ síwájú, ó yẹ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀ tí àwọn òbí máa ń dà pọ̀. Orí pípé kọ́ ni ìkánjú. Òbí tí ó mú ọmọ fo kíláàsì kẹfà, kí ó lè dé yunifásítì ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ọmọ náà di ẹlẹ́bùn. Ní ọdún 2024, Ìjọba Àpapọ̀ kọ́kọ́ kéde ọdún méjìdínlógún fún wíwọ yunifásítì, wọ́n sì dá a padà sí mẹ́rìndínlógún kí ọdún náà tó parí. Ní ọdún 2025, àjọ JAMB fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò tó, bí wọ́n bá lè gba 320 nínú 400. Ju 40,000 lọ ni àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò tó tí wọ́n ṣe ìdánwò náà; àwọn tí wọ́n gba 320 kò tó 600. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún àwa òbí. Ọmọ tí orí rẹ̀ pé ní tòótọ́ kò ní láti sáré jáde ní ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀kọ́ tí ó jinlẹ̀ ni ó nílò níbi tí ó wà, láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

A mọ àtakò tí yóò dìde sí ọ̀rọ̀ wa. Àwọn kan nínú àwọn tí ó fẹ́ràn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tọkàntọkàn yóò béèrè pé: nígbà tí àwọn ọmọ kan ṣì wà tí wọn kò lè ka ìwé dáadáa, ó ha tọ́ kí a tún máa bù fún ẹni tí Ọlọ́run ti bù fún? Ìbéèrè tí ó lọ́lá ni, ó sì tọ́ sí ìdáhùn. Bí ètò yìí bá jẹ́ láti kọ́ ilé aláràbarà kan fún igba ọmọ, kí a sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ lórí àga kíkán, àwa náà yóò ta kò ó. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ọmọ olówó tí orí rẹ̀ pé kò dúró de ìjọba. Bàbá rẹ̀ yóò gba olùkọ́ sílé fún un, yóò sì rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá wù ú. Ọmọ mẹ̀kúnnù nìkan ni kò ní ibòmíràn tí yóò lọ bí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kò bá rí i. Nítorí náà, bí a bá kọ̀ láti wá ọmọ tí orí rẹ̀ pé rí ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, kì í ṣe ìdọ́gba ni a ṣe. A kàn fi ẹ̀bùn náà sílẹ̀ fún àwọn tí ó lówó láti tọ́ ọ dàgbà.

Kí ni kí a ṣe? Àkọ́kọ́, kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì yẹ gbogbo ọmọ tí ó bá wọ kíláàsì kìíní ní ilé-ẹ̀kọ́ girama rẹ̀ wò, ní ọjọ́ kan náà, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, yálà ọmọ náà ń gbé àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó tàbí abà tí ó wà lẹ́yìn Ìgèdè. Kí a béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Kí a sì tún wọn yẹ̀ wò ní ọdún kẹta, nítorí pé òdòdó kì í tanná ní ọjọ́ kan náà.

Èkejì, kí a má ṣe kọ́ ilé tuntun. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 16 tí a ní, kí a yan ilé-ẹ̀kọ́ kan níbi tí àwọn ọmọ tí a bá rí yóò ti máa pàdé ní ọjọ́ Sátidé, kí wọ́n máa ṣe ìṣirò tí ó le, kí wọ́n máa tú ẹ̀rọ palẹ̀, kí wọ́n máa kọ ìtàn àti ewì. Ní ọjọ́ yòókù nínú ọ̀sẹ̀, kí wọ́n wà ní kíláàsì wọn pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti máa kọ́ ìwà ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìṣirò rẹ̀ bá ti kọjá ti kíláàsì rẹ̀, kí a jẹ́ kí ó lọ jókòó nínú kíláàsì òkè ní wákàtí ìṣirò, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí a kọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò ṣe iṣẹ́ náà. Láti ọdún 1977 ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Àkànṣe ti Ìjọba Àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yọ́. Ní Ìkéré tiwa yìí ni kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ àtijọ́ ti di yunifásítì ẹ̀kọ́. Ilé tí ó súnmọ́ni tó báyìí kò yẹ kí ó ṣòro láti bẹ̀ wò. Kí a sì sanwó fún olùkọ́ tí ó bá fi Sátidé rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé a kì í fi oúnjẹ ọ̀rọ̀ bọ́ ọmọ ẹni.

Ẹ̀kẹrin, kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan padà sí ọ̀nà tí Ìkọ̀lé tọ̀: owó ọkọ̀, ìwé àti oúnjẹ ọ̀sán fún ọmọ tí òbí rẹ̀ kò ní. Bí Ìkọ̀lé bá lè ṣe é ní ayé ìjọba Òyìnbó, kí ni àwáwí tiwa ní òní?

Ẹ̀karùn-ún, kí ìwé ẹ̀bẹ̀ láti ọ̀dọ̀ olóyè tàbí aṣáájú ẹgbẹ́ òṣèlú má ṣe gbé ọmọ kankan wọlé. Ọjọ́ tí ọmọ alága bá gba ipò ọmọ àgbẹ̀, ọjọ́ náà ni ètò náà kú. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí ẹ ń ka ìwé ìròhìn yìí, ẹ̀yin ni a ń bá wí níhìn-ín. Bí ẹni tí ó ń tọrọ ìbò bá dé àdúgbò yín, ẹ má ṣe béèrè iye ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò kun lọ́dà nìkan. Ẹ bi í bí yóò ṣe wá ọmọ yín rí nínú ilé-ẹ̀kọ́ náà.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kò ní láti dúró de ìjọba kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ń bọ̀, bí ẹ bá wọ kíláàsì, ẹ wo ọmọ tí ń wo ojú fèrèsé. Kí ẹ tó nà án, ẹ bi í ní ìbéèrè kan tí ó le ju èyí tí ó wà lójú pátákó lọ. Ó lè jẹ́ ọ̀lẹ lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé láti ọdún mẹ́ta wá ni ó ti ń retí ẹni tí yóò bi í.